Ohùn Màmá Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ o. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yín.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ọ̀gá Ìgbàlódé làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kò sí ohun tuntun tó jáde tí kì í wọ̀ ọ́ lójú. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló jọ ń lò ó. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an ló ń jẹ́.

Inú rẹ̀ ni ìyàwó tọ́jú ohùn ìyá rẹ̀ sí. Kí àìsàn tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu màmá, ọmọ rẹ̀ ti fi fóònù gba àwọn orin tó fi máa ń rẹ ọmọ lẹ́kún sílẹ̀. Fóònù ọ̀hún ti bàjẹ́. Oyún wà nínú ìyàwó báyìí. Lọ́sàn-án, tí afẹ́fẹ́ bá ń mi kọ́tìnì jẹ́jẹ́, á tan orin náà, á gbé ọwọ́ lé ikùn, á dijú. Màmá á jókòó tì í, á máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni pé láti òdìkejì odò ni ẹnìkan ti ń pè é.

2.
Ọ̀gá Ìgbàlódé bọ́ sáàárín àwọn kan lórí ayélujára tí kò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa jiyàn lórí ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, èyí tó máa ń yọjú tí a bá tàn án. Ẹnìkan ní èyí tí gbogbo ayé ń lò ló dáa. Òmíràn ní èyí tó rẹwà tó sì wọ́n ni tàwọn èèyàn gidi. Ẹlòmíì ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ló dáa jù, kòkòrò tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ kì í wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọkùnrin yìí sọ èyí tó ń lò, ẹ̀rín ni wọ́n fi bò ó. Wọ́n ní ti àwọn baba àgbà nìyẹn.

Ẹ̀rín yẹn dùn ún wọ eegun. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti dijú, ètò tuntun ló ń rí: ojú kọ̀ǹpútà tó mọ́ bí omi àárọ̀, àwọ̀ tó ń ṣàn wọnú ara wọn bí ìkùukùu. Bó bá ń ya àwòrán ilé, fèrèsé tó bá yà, á di ojú kọ̀ǹpútà mọ́ ọn lójú.

Nígbà tó sọ fún ìyàwó pé òun fẹ́ pààrọ̀ ètò náà, ìyàwó ní èyí tó wà nílẹ̀ kò ṣe àwọn ní nǹkan kan. Bó bá sì di dandan, kí àwọn kọ́kọ́ jọ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ síbòmíràn. Ọkọ ní òun mọ ohun tí òun ń ṣe.

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìyàwó mú màmá lọ sílé ìwòsàn, ọkọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti fi ètò tuntun sí i. Òjò winniwinni ń rọ̀ níta. Ó rántí kó àwòrán iṣẹ́ tirẹ̀ pamọ́. Kò rántí nǹkan mìíràn. Ètò tuntun kìlọ̀ fún un pé gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni yóò parẹ́, ó ní ṣé ó gbà? Ọkàn rẹ̀ ti lọ jìnnà. Ó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà.

Ojú kọ̀ǹpútà tàn. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Ó ń wò ó bí ẹni tó wà lójú àlá, títí ìyàwó fi wọlé tó ní òun fẹ́ gbọ́ orin.

"Níbo lẹ gbé orin màmá sí?"

Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri inú kọ̀ǹpútà.

"Ọkọ mi, níbo lẹ gbé e sí?"

"Mi ò rántí ẹ̀," ló wí. "Mi ò rántí ẹ̀ rárá."

Ìyàwó rọra fa àga, ó jókòó. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tọ àwọn tó ń tún un ṣe lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn ará orí ayélujára ńkọ́? Ẹnìkan kí i kú oríire, wọ́n sì ń bá iyàn wọn lọ.

4.
Ìyàwó bí obìnrin. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọmọ ń sunkún, màmá gbé e lé itan. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ orin náà, ó kọ ọ́ dé àárín, ìyókù kò wá sí i lọ́kàn. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá mọ̀ ọ́n, kò lè sọ ọ́. Ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè padà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tó ń kà á, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má lo ohun tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀rín àwọn tí kò mọ ilé yín sọ ohun tó ń ṣe yín láǹfààní nù. Èyí tó bá iṣẹ́ yín àti ilé yín mu ló dáa jù, kì í ṣe èyí tí ariwo pọ̀ lé lórí. Kẹ́ ẹ tó tẹ "mo gbà", ẹ bi àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lò ó léèrè. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn.

Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.