Òdòdó Máńgòrò ní Ìgbàjọ

Màmá Mọrádékẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìgbàjọ, ó ń wo àwọn oyin onírin ìjọba ìbílẹ̀, tí ń gbé àtíkè òdòdó kiri kí igi lè so, bí wọ́n ṣe ń fò kọjá lórí òrùlé rẹ̀ àti igi máńgòrò rẹ̀ tó ti yọ òdòdó, lọ sí àgbàlá ẹlòmíràn. Oyin gidi ti tán nílẹ̀. Òfin sì ni pé oyin onírin kì í yà sílé tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé.

Ó pe Ìbídùn, ọmọ rẹ̀, ní Kánádà.

"Ìbídùn, ṣé o ti yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ilé yìí ni?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Ibi tí mò ń gbé ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí. Ẹ ṣáà máa ra máńgòrò lọ́jà."

"Kì í ṣe máńgòrò ọjà ni mò ń wá. Bàbá rẹ ló gbin igi yìí."

"Mo mọ̀, Màámi."

Màmá wá ìyẹ́ adìẹ kan, ó gbé àga sábẹ́ igi, ó gun orí rẹ̀. Ní àràárọ̀ ló ń fi ìyẹ́ náà nu òdòdó kan, tí yóò tún fi nu òmíràn bí oyin ti máa ń ṣe, tó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, torí kò sí ẹlòmíràn tó lè bá sọ̀rọ̀.

Igi náà so lọ́dún yẹn débi pé ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí àkọ́kọ́ pọ́n, Màmá fọ̀ ọ́, ó gé e sí méjì bó ti máa ń ṣe nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. Ó jẹ apá kan. Ó jókòó ti apá kejì fúngbà díẹ̀, ó wá jẹ ìyẹn náà.