Eyín Òkè Tí Sumiyem Kọ̀ Láti Yọ

Ẹ̀yin tí eyín ń dùn, tẹ́ ẹ wá ń fi kànáfùrù tàn án jẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí tán kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀. Ẹni tí eyín ò dùn náà, ẹ kà á, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí màmá yín.

1.

Abúlé kan lẹ́bàá ìlú Imogiri ni Sumiyem ń gbé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kó máa fi ìda gbígbóná yàwòrán sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Canting ni kálámù tó fi ń ṣe é ń jẹ́. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ìda sì máa ń dí i, nítorí náà, kó tó fi kan aṣọ, á kọ́kọ́ fẹnu fẹ́ ẹ, fùú! Ojú àti èémí ló fi ń jẹun.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Endah. Endah fẹ́ ṣègbéyàwó lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti búra pé aṣọ tí ọmọ òun máa ró lọ́jọ́ náà, ọwọ́ òun ló máa ti jáde. Ó ti ya àwọn labalábá inú rẹ̀ dé ìdajì nígbà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Eyín àgbà ni, èyí tó máa ń hù kẹ́yìn, lókè lápá ọ̀tún.

2.

Endah fi alùpùpù gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà eyín, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, yẹ ẹnu rẹ̀ wò.

"Ìyá, ẹ̀gbẹ́ ni eyín yìí fi hù, ó sì ti ń kó ọyún jọ. Ẹ lo oògùn yìí kí ọyún náà lè fà, kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé ká yọ ọ́."

Bí Sumiyem ṣe gbọ́ "ká yọ ọ́" báyìí, ó yára fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó sọ fún Mbah Karti, màmá àgbà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí iná ìda kan náà. Mbah Karti pàtẹ́wọ́.

"Eyín òkè kẹ̀? Yéè! Ṣé o ò mọ̀ pé ojú ni iṣan eyín òkè so mọ́ ni? Ọkọ àbúrò mi yọ tiẹ̀, kò pẹ́ tójú fi ń ṣe é bàìbàì. Ìwọ tó jẹ́ pé ojú lo fi ń jẹun!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ládùúgbò wa? A gbọ́ ọ dàgbà ni. Kò sẹ́ni tó rántí bi Mbah Karti pé ṣé ogbó kọ́ ló ń ṣe ojú ọkọ àbúrò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Sumiyem múra, ó forí lé ilé ìwòsàn. Kó tó débẹ̀, ó yà sídìí igi ńlá kan tí wọ́n ti ń ta tíì, ó jókòó, ó mu tíì, ó sì padà sílé.

"Màámi, ṣé wọ́n ti yọ ọ́?"

"Dókítà ní kò pọn dandan mọ́. Oògùn ti pa á."

Oògùn ti mú kí ìrora rọlẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí irọ́ náà rọrùn. Endah dì mọ́ ọn, inú rẹ̀ dùn. Ó dun Sumiyem pé ó purọ́ fọ́mọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù borí ẹ̀dùn.

3.

Ìrora padà dé. Kànáfùrù ò ràn án mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ẹnu ò là dáadáa, síbẹ̀ ohun tó ń sọ fún Endah ni pé, "Atẹ́gùn ló wọ̀ mí lára."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó ti aṣọ, ó bu ìda, ó ní kóun fẹ́ canting. Ètè ò pé jọ, èémí ò jáde. Ìda bá kán tó! sáàárín apá labalábá, ó sì wọnú aṣọ lọ.

Ẹkún ló ń sun nígbà tí Endah wọlé. Wíwú náà ti gòkè, ojú ọ̀tún ti pa dé.

"Màámi! Ẹ wojú mi. Ṣé ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ajé yẹn?"

"Ìdí igi ni mo dé."

"Igi wo?"

"Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Wọ́n ní màá fọ́jú. Mo sì fẹ́ rí ẹ nínú aṣọ yìí."

Endah ò bínú. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bínú. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìborùn rẹ̀ nu omijé ìyá rẹ̀, ó sì sáré lọ gbé alùpùpù.

4.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Sumiyem ní, "Dókítà, ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?"

Dókítà fi eyín náà hàn án nínú àwo. "Ó ti jáde, Ìyá."

"Ṣé ohun tí mo ń sá fún náà nìyí?"

"Òun nìyẹn. Ìyá, yíyọ eyín kì í fọ́ ojú èèyàn. Ọyún tá a fi sílẹ̀ ló gòkè lọ bá ojú."

Wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Ojú ọ̀tún náà ò ríran mọ́.

Mbah Karti wá kí i pẹ̀lú omijé. "Ahọ́n mi ló ṣe ọ́ léṣe."

"Kì í ṣe ahọ́n yín, Mbah. Ẹsẹ̀ mi ló yà sídìí igi."

Aṣọ wá ńkọ́? Dókítà ti ní kò gbọ́dọ̀ fẹ́ nǹkan kan títí ojú egbò á fi jinná. Bẹ́ẹ̀ ni ojú kan ò jẹ́ kó mọ̀ bóyá canting ti kan aṣọ tàbí kò tíì kàn án. Endah tí kì í fẹ́ gbóòórùn ìda rárá ló wá jókòó tì í.

"Ẹ mú un wá kí n bá yín fẹ́ ẹ." Fùú! Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó ti kàn án."

Báyìí ni wọ́n ṣe parí rẹ̀. Sumiyem fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn nítorí àbàwọ́n ìda yẹn, Endah kọ̀ jálẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó ró aṣọ náà, ó jẹ́ kí àbàwọ́n wà níwájú. Ẹ̀gbẹ́ òsì ìyá rẹ̀ ló sì ń dúró sí ní gbogbo ìgbà.

"Màámi, ṣé ẹ ń rí mi?"

"Mo rí ẹ, ọmọ mi. Mo rí ẹ."

5.

Ẹ̀yin tèmi, kò sí ìtìjú nínú kéèyàn bẹ̀rù dókítà eyín. Ẹ sọ ọ́ fún un, ẹ di ọwọ́ ọmọ yín mú, kẹ́ ẹ sì wọlé. Àmọ́ ẹ má fi àgbọ́sọ ṣe oògùn, ẹ má sì purọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín. Ìdí igi tẹ́ ẹ yà sí yẹn, àìsàn kì í bá yín jókòó níbẹ̀. Àwọn àgbà wa ní: igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.