Ẹ̀kọ́ Oorun

"Ọdún kan gbáko, ọmọ mi ò mọ ení, kò mọ èjì!" Ìyá ọmọ fi ariwo wọ kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi. "Ṣé torí èyí la ṣe la òkun kọjá wá síbí? Kí lẹ ń kọ́ wọn gan-an?"

"Oorun ni, mà." Tíṣà tẹ́ ẹní kan sílẹ̀. "Ẹ dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i."

Ìyá tó ń ti ibi iṣẹ́ kan sáré bọ́ sí òmíràn látìgbà tó ti dé ìlú yìí fi ìbínú dùbúlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ rọra fa aṣọ bò ó.

"Mi ò sùn o! Àyẹ̀wò ni mò ń ṣe!"

Ọkùnrin onítáì kan la ojú kan lórí ẹní tó tẹ̀ lé ti ìyá náà.

"Ẹ rọra, mà. Ìjà lèmi náà bá wá lọ́sẹ̀ tó kọjá."