Èèpo Mẹ́ta fún Ìwé Kan

Láyí kì í ya èèpo ìwé tí kò bá kà. Ọjọ́ kẹta tí Tẹjúmọ́lá gbé ìtàn rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá ló tó pè é pé òun ti kà á tán. Kó tó pè é, Tẹjúmọ́lá ti fi eyín gé èékánná ọwọ́ méjèèjì tán.

"Àǹtí, géètì ni n ó yà," Láyí wí. "Ọmọbìnrin kan gbé báàgì, ó ń wẹ̀yìn wò, kò sì sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ló dùn mí jù. Bàbá ọmọ yẹn ò sìn ín dé géètì rí, títí ó fi relé ọkọ!"

"Ta ni yóò fowó ra géètì? Ya ọkùnrin àti obìnrin, kí wọ́n dì mọ́ra wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó ni mo fẹ́ kó rà á."

Irọ́ ló pa. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá rà á, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni Tẹjúmọ́lá ń fẹ́ kó ka ìwé náà, bàbá rẹ̀ ni. Bàbá Oyèkànmí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n ń dá gbé ní Bódìjà, àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n fi ń kàwé. Àmọ́ lọ́jọ́ tí Tẹjúmọ́lá fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀ tó ní ìtàn lòun fẹ́ máa kọ, wọ́n ní, "Irọ́ ni ìtàn àròsọ. Mi ò ráyè irọ́." Láti ìgbà náà, bó bá lọ kí wọn ní Sátidé, ọ̀rọ̀ àárín wọn kì í ju ẹ kú ilé àti ṣé dáadáa lo wà lọ.

Bàbá ní àṣà kan tí wọ́n mú bọ̀ láti ilé ìwé. Ìwé tí wọ́n bá gbà pé ó dára, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó ti kọjá ni wọ́n fi ń bò ó, wọn a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èyí tí wọn ò bá gbà, ìhòòhò ló máa wà títí ekuru yóò fi bò ó.

Tẹjúmọ́lá gbé ìwé tuntun náà, pẹ̀lú ọkùnrin àti obìnrin tí Láyí yà sí èèpo rẹ̀, sórí tábìlì pálọ̀ wọn. Nígbà tó padà lọ ní Sátidé kejì, kò bá a níbẹ̀ mọ́. Ó fọgbọ́n yojú wo inú garawa ìdọ̀tí, kò rí i. Ó ní, yéè, mo ti ba ara mi jẹ́. Tọkùnrin tobìnrin tó dì mọ́ra wọn, nínú pálọ̀ àgbà ìjọ!

Ó sáré padà sọ́dọ̀ Láyí.

"Yọ àwọn olólùfẹ́ yẹn kúrò. Ya ọ̀bẹ, kí ẹ̀jẹ̀ máa kán lára rẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin Ring Road fẹ́ràn ìtàn ọ̀daràn." Bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìròyìn adigunjalè kọjá òun lórí rédíò.

"Àǹtí, adìyẹ Kérésì nìkan ni wọ́n pa nínú ìwé yìí o."

"Ṣebí ọ̀bẹ ni wọ́n fi pa á?"

Láyí rẹ́rìn-ín títí, ó sì ya ọ̀bẹ.

Ìwé ọlọ́bẹ náà wà lórí tábìlì ní ìhòòhò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìwé kan wà tí wọ́n fi kàlẹ́ńdà bò. Ìwé yẹn ni Bàbá ń kà ní gbogbo ìgbà tí Tẹjúmọ́lá bá wọlé, wọn a pa á dé, wọn a gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

Nǹkan mìíràn tún ń bí i nínú. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín jáde, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, pẹ̀lú ọ̀pá.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Mo mọ̀nà."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀nà."

Wọn a dúró ní géètì títí kẹ̀kẹ́ márúwá rẹ̀ yóò fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó dun Tẹjúmọ́lá wọra. Lójú tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ rí i dájú pé àlejò ti lọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní kí Láyí ya àgbélébùú àti oòrùn òwúrọ̀, fún àwọn ìyá ìjọ. Láyí ò bá a jiyàn mọ́. Ìwé alágbélébùú dùbúlẹ̀ ti ọlọ́bẹ lórí tábìlì, ìhòòhò làwọn méjèèjì wà.

Ní Sátidé kan, oorun gbé Bàbá lọ lórí àga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìwé oníkàlẹ́ńdà wà lórí itan wọn. Tẹjúmọ́lá wò ó, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sọ ọ́ sínú báàgì, ó yọ́ jáde bí olè. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó sìn ín dé géètì. Ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ̀yìn wò, inú sì bí i sí ara rẹ̀.

Ní Mọ́kọ́lá, ó gbé ìwé náà ka iwájú Láyí.

"Tú kàlẹ́ńdà yẹn. Bí èèpo rẹ̀ bá ṣe rí ni kí o ṣe tèmi. Àlàyé Bíbélì ni yóò jẹ́. Ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti ń kà á, wọn kì í gbé e sílẹ̀."

Láyí wò ó. "Àǹtí, ṣé nítorí Bàbá nìkan la ṣe ń ya gbogbo eléyìí?"

Omi lé ròrò sí i lójú. "Láyí, jọ̀ọ́, tú u."

Láyí fi ọwọ́ họ sẹ́lótéèpù náà díẹ̀díẹ̀ kí kàlẹ́ńdà má baà ya.

Lábẹ́ rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin tí Láyí fúnra rẹ̀ yà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó ṣì dì mọ́ra wọn, etí ìwé náà ti gbó, ojú ìwé kan ṣoṣo ni Bàbá sì ṣẹ́ igun rẹ̀ po, ibi tí ọmọbìnrin náà ti gbé báàgì, tó ń wẹ̀yìn wò ní géètì.