Orúkọ Kejì Lórí Ilẹ̀kùn Clem

Ó ti rẹ Rodney kó tó dé ilé Clem rárá. Oòrùn ìlú Mildura, ní Australia, ti mú láti àárọ̀, orúnkún sì ń dùn ún. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ìlú ló ń rán an kiri láti bá àwọn àgbàlagbà gba àkóso ẹ̀rọ ilé wọn kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Ọ̀pọ̀ wọn á mu tíì, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní àwọn máa rò ó. Ọ̀rọ̀ náà ti ń sú u.

Clem yàtọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti wá pàdé rẹ̀.

"Wọlé, ọ̀rẹ́, kí eṣinṣin tó bá ẹ wọlé. Ṣé lóòótọ́ ni pé èmi nìkan lè láṣẹ lórí ilé mi?"

"Ohun tí mo torí ẹ̀ wá nìyẹn. Nínú ẹgbẹ́ wa, a máa ń sọ pé ohun tí kò bá sí nínú ilé yín, kì í ṣe tiyín."

"O wí ire. Jẹ́ ká tètè ṣe é, mò ń lọ sí kílọ́ọ̀bù lọ́sàn-án yìí."

Fóònù ló ń darí kámẹ́rà, iná àti ilẹ̀kùn méjèèjì. Àwọn ilẹ̀kùn náà kì í ṣí láti inú tàbí láti òde àfi tí fóònù bá pàṣẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Clem ti kílọ́ọ̀bù dé, ó bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹnìkan ló ṣí i láti ibòmíì.

"Ṣé wọ́n jí nǹkan?" Rodney béèrè.

"Mo tètè dé ni. Díẹ̀ ló kù kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe Rodney.

Beryl, ìyàwó Clem, gbé tíì àti bísíkíìtì wọlé. Súwẹ́tà alápá gígùn ló wọ̀ nínú ooru yẹn. Rodney dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè bóyá kí òun bá a tún fóònù tirẹ̀ náà tò.

"Tirẹ̀ ti bàjẹ́," ni Clem dáhùn. "Ta ló tiẹ̀ fẹ́ pè?"

Beryl rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sún ṣúgà mọ́ àlejò, ó sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Rodney yọ kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju búrẹ́dì lọ, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá Clem. Ó ń já àwọn ẹ̀rọ náà gbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń so wọ́n mọ́ ọn. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé ó gbàgbé orúnkún rẹ̀. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn, ó rí orúkọ méjì: ti Clem, àti òmíràn tó jẹ́ kìkì lẹ́tà àti nọ́ńbà.

"Ta nìyí? Òun ló ṣí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí ẹ lọ sí kílọ́ọ̀bù."

Clem bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Yọ ọ́ dànù."

Nínú ẹgbẹ́ wọn, wọn kì í tún béèrè nǹkan míì. Orúkọ tí onílé ò mọ̀, orúkọ olè ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ẹni tuntun nìyẹn. Rodney yọ ọ́.

"Tíná bá lọ ńkọ́?" Beryl béèrè lójijì. "Ṣé ilẹ̀kùn á ṣí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Bátìrì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ṣí i."

"Ẹ ṣeun. Mo kàn béèrè ni."

"Ẹ̀rù máa ń ba obìnrin yìí jù," ni Clem wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Rodney rí báàgì orí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ṣé ẹ ń lọ ra nǹkan ni? Mo lè fi mọ́tò gbé yín."

"Kò síbi tó ń lọ," ni Clem wí.

Beryl wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tó kù kí Clem tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, Rodney yíjú sí ògiri, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ kì í wo ọ̀rọ̀ aṣínà onílé. Clem bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gírígírí, ó di ọsàn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sí àpò fún un.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ọ̀rẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀ lẹ́yìn Rodney. Nínú ọkọ̀, àárẹ̀ náà tún padà dé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn pé ó rí ẹnìkan tọ́rọ̀ yé.

Lẹ́yìn tí Clem lọ sí kílọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Tamsin, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ni orúkọ kejì tí Rodney yọ, rọra wa ọkọ̀ wá sẹ́yìn ilé, ó ń tẹ fóònù rẹ̀ léraléra kí ilẹ̀kùn lè ṣí kó lè gbé ìyá rẹ̀ sá lọ, ìyá rẹ̀ sì dúró pẹ̀lú báàgì lápá, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì láti inú.