Fílítà Tí Olúsọjí Fọ̀

Olúsọjí ará Ìkìrun kì í jalè, kì í mutí, kì í sì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àlébù kan ṣoṣo ló ní: ohun tí ojú èèyàn lè rí nìkan ló ń tọ́jú. Bó bá ń kun bàtà, iwájú nìkan ló ń kùn. Ó ní ẹni tó bá wà lẹ́yìn òun kò tíì ṣe pàtàkì.

Bó ti ń ṣe bàtà náà ló ń ṣe mótò. Kọ̀rọ̀pẹ́ tòkunbọ̀ ni mótò ọ̀hún, ó sì ti rìn títí ó ti rẹ̀ ẹ́ lókè òkun kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n jọ ń ti Ìkìrun lọ sí Inísà, tí wọ́n ń ti Inísà lọ sí Òkukù. Olúsọjí fi lọ́fínńdà kọ́ iwájú rẹ̀, ó sì lẹ “Ojú Olúwa Ń Bẹ Lára Wa” mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Lóòótọ́, ojú Olúwa nìkan ló ń wo abẹ́ mótò náà.

Nínú mótò yìí ni ìfẹ́ ti mú un. Òkukù ni Morádéyọ̀ ń gbé, Inísà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olúsọjí ló ń gbé e lọ láàárọ̀, òun náà ló ń gbé e padà. Nígbà tí iléèwé bá gba ìsinmi, tí kò rí Morádéyọ̀ gbé mọ́, Òkukù a dà bí ìlú tí wọ́n kó gbogbo èèyàn inú rẹ̀ lọ lójú Olúsọjí. Á rọra wakọ̀ kọjá níwájú ilé wọn, á máa fun fèrè bí ẹni pé ewúrẹ́ wà lójú títì. Kò sí ewúrẹ́ kankan.

Nígbà tó yá, Morádéyọ̀ gbà láti fẹ́ ẹ. Ó wá ku bàbá rẹ̀, Tíṣà Oyèdélé, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ̀yìn tì lẹ́nu wíwo aago. Bàbá dá Sátidé kan, aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹbí ọkọ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni iná pupa tó ń kìlọ̀ nípa ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú níwájú dẹ́rẹ́bà.

“Olúsọjí, kí ni pupa yìí ń sọ?” ni Morádéyọ̀ bi í.

“Ó ń kí ẹ ni.”

“Jọ̀ọ́, lọ pààrọ̀ ọ́ìlì, kí o sì ra fílítà tuntun. O mọ bàbá mi, wọn kì í dúró de èèyàn o.”

Olúsọjí lọ sọ́dọ̀ Ìyá Tẹniọlá, tó ń ta ẹ̀yà ara mótò ní Ìkìrun. Fílítà ọ́ìlì ni asẹ́ tó ń gba ìdọ̀tí lára ọ́ìlì kó má baà wọ ẹ́ńjìnnì. Ìyá Tẹniọlá gbé méjì síwájú rẹ̀.

“Eléyìí wà fún mótò tí kò tíì rìn púpọ̀, tó kàn ń lọ ọjà tó ń bọ̀. Eléyìí tó nípọn ni ti àgbàlagbà mótò bíi tìẹ. Ìdọ̀tí inú ẹ̀ pọ̀, asẹ́ tó lágbára ló lè gbà á. Èwo ni kí n fún ẹ?”

Olúsọjí ronú gidigidi, ó sì yan ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ti wà lára mótò rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

“Màá fọ̀ ọ́ ni, mà. Kápẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ rà, kí àwọn ẹbí mi lè rí ibi tó níyì gbẹ́sẹ̀ lé.”

“Fọ kí ni? Ṣé ṣòkòtò ni? Ọmọ yìí, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá o!”

“Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mótò níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, mà?”

Ó fi pẹtiróòlù fọ fílítà náà, ó sá a sórí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì dá a padà sídìí ẹ́ńjìnnì. Ìta rẹ̀ mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ kejì, Morádéyọ̀ bi í nínú mótò bóyá ó ti rà á. Ó wò ó lójú, ó ní, “Mo ti rà á. Èyí tó nípọn.”

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ Olúsọjí kò tilẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Inísà ló dé.

Ní Sátidé, ó kó bàbá rẹ̀ àti àwọn àgbà ẹbí sínú mótò. Bí wọ́n ti wọ Inísà ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń gúnyán nínú odó òfìfo. Ó rú èéfín, ó sì dákẹ́.

“Kí ló dé?” ni bàbá rẹ̀ bi í.

“Ó ń sinmi ni, sà.”

“Ṣé ó ti gbọ́ pé Sátidé ni?” ni àǹtí bàbá rẹ̀ fi sí i.

Ọjọ́ ọjà ni, gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá ló kún. Aago mẹ́wàá lù, mọ́kànlá lù. Morádéyọ̀ fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà wá wò wọ́n. Àsìkò tó dé gẹ́lẹ́ ni Àjíṣafẹ́, mẹkáníìkì kan ní Inísà, tú fílítà náà jáde.

“Ta ló fi pẹtiróòlù fọ èyí? Pépà inú ẹ̀ ti ya, ìdọ̀tí sì ti wọ ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹ́ńjìnnì yìí ti kú, ẹ má wulẹ̀ jí i.”

Morádéyọ̀ wo fílítà, ó wo Olúsọjí. “O ní o ti rà á.”

Olúsọjí sorí kọ́, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì tuntun tó tẹ́ sínú mótò. Kápẹ́ẹ̀tì náà dára gan-an ni.

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì gun ọ̀kadà padà. Kò pẹ́ tí Tíṣà Oyèdélé fi pe bàbá Olúsọjí lórí fóònù: “Ẹ máa padà sílé ní àlàáfíà. Ẹni tí kò lè gbé bàbá tirẹ̀ dé Òkukù, níbo ló fẹ́ gbé ọmọ mi dé?”

Olúsọjí bẹ̀bẹ̀ títí. Morádéyọ̀ ní, “Mo lè dúró de mótò tó bàjẹ́. Ẹni tó wò mí lójú tó parọ́ ni n kò lè dúró dè.”

Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló gbé kọ̀rọ̀pẹ́ náà lọ. Mótò onímótò ni Olúsọjí ń wà báyìí, láti Ìkìrun sí Òṣogbo, onímótò sì ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá Ìkìrun. Tó bá ti Òṣogbo dé, àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀, òun á ṣì jókòó, á kọjú sí títì tó lọ sí Inísà. Bí ẹnikẹ́ni bá yọjú bi í pé, “Dẹ́rẹ́bà, ṣé Òkukù lẹ ń lọ?” á kọ́kọ́ fun fèrè bí ẹni pé ewúrẹ́ wà lójú títì, kó tó ní òun kò lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mótò, àti ẹ̀yin tí ẹ ní àfẹ́sọ́nà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé rèé. Mótò tó ti rìn jìnnà ń fẹ́ fílítà tó tọ́ sí i. Ẹ má fọ ti àná lò fún un. Ẹni tó sì fẹ́ràn yín, ibi tí ojú rẹ̀ kò tó lára yín ló gbára lé, kì í ṣe ibi tó ń dán. Ẹ tọ́jú ibẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò yín. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kò sì sí ẹni tó ń ta oògùn rẹ̀ ní ìsọ̀ ẹ̀yà ara mótò.