Àpò Iyẹ̀pẹ̀ Mẹ́fà

Ní oṣù keje ọdún 1981, ìjọba rántí pé kọfí wà ní Ìlọ́fà. Ọ̀gbẹ́ni Yàkúbù, òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn láti Ìlọrin, kó àwọn olóko kọfí mẹ́fà jọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ka lẹ́tà sí wọn létí. Kí oníkálukú mú iyẹ̀pẹ̀ oko rẹ̀ wá. Oko tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá dára jù lọ ni ìjọba yóò fi ṣe oko àwòkọ́ṣe, olóko náà yóò sì gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó ka ojú-ìwé àkọ́kọ́ tán, ó ká a mọ́ èkejì láìkà á, ó ní ọ̀nà Odò-Ọ̀wá kì í dára bí òjò bá bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tí yóò gbà á. Láti ọdún mẹ́jọ ni Keziah, opó tí wọ́n ń pè ní Ìyá Moróhun, ti ń wo ilẹ̀ oko ọkọ rẹ̀ sàn. Ajílẹ̀ òyìnbó ti jó ilẹ̀ náà títí ó fi le bí ojú títì. Keziah ń ru ìgbẹ́ ewúrẹ́ lọ sóko, ó ń jẹ́ kó rà fún oṣù mẹ́fà kó má baà jó gbòǹgbò. Ó ń da èèpo kọfí padà sídìí igi, ó ń fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tu èpò. Fún ọdún mẹ́ta, kọfí tó ń ká kì í kún àpò kan. Ní ọdún kẹrin ni ekòló padà dé. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí ilẹ̀ náà má bọ́ lọ́wọ́ òun títí Moróhunfọ́lá, ọmọ òun, yóò fi jogún rẹ̀.

Ọláoyè, akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ló sọ ọ́ ní Ìyá Onígbẹ́. Òun ni ìjọba máa ń kó ajílẹ̀ fún pé kó pín in fún gbogbo ènìyàn. Ó ń pín in dáadáa: ìdajì sí oko rẹ̀ tòkè, ìdajì sí oko rẹ̀ tìsàlẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti funfun bí eérú.

"Ìyá Moróhun," ni Ọláoyè wí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, "ẹ fọwọ́ kí ẹ tó bọ ọ̀gá lọ́wọ́ o."

"Màá fọ̀ ọ́, Akọ̀wé. Ẹ̀yin náà, ẹ rọra gbọn tiyín. Iyọ̀ ajílẹ̀ yẹn máa ń ta ni lójú."

Ní Ọjọ́bọ̀, Moróhunfọ́lá, tó ń tẹ táìpù ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìlọrin, dé láìròtẹ́lẹ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ jókòó nílé ìdáná, kò dúró jẹun.

"Ṣé kò sí o?" ni Àbẹ̀bí ará ilé kejì bi Keziah.

"Kò sí. Ó ní kí n kú ìmúra ni."

Ní Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ wá nínú àpò funfun kéékèèké tí ìjọba fún wọn, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Wọ́n so páálí tí a kọ orúkọ sí mọ́ àpò kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, wọ́n sì kó wọn sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí òrùlé ibẹ̀ nìkan ni kì í jò. Ní Sátidé, Keziah gbá ṣọ́ọ̀ṣì; òun ló kàn. Ní Mọ́ńdè, mọ́tò wá kó wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, Ọ̀gbẹ́ni Yàkúbù padà dé, ó sì pe orúkọ Ọláoyè.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Yàkúbù bu iyẹ̀pẹ̀ láti inú àpò Ọláoyè. Ó dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn bí igbó lẹ́yìn òjò. Ó tú ti Keziah. Ó funfun. "Èyí ti kú pátápátá," ni ó wí. "Ìjọba ò lè fi ṣe nǹkan kan."

Ọláoyè wo iyẹ̀pẹ̀ dúdú náà. Ó tún un wò. Lẹ́yìn náà ó jáde síwájú, ó fi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé bí òun ṣe ń ru ìgbẹ́ ewúrẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní ìrẹ̀lẹ̀ ni kò jẹ́ kí òun sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Yàkúbù kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, Ọláoyè sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Wọ́n ti yàn ọ́ jẹ," ni Àbẹ̀bí sọ sí Keziah létí. "Dìde, kí o sọ̀rọ̀."

"Kí ni n ó sọ? Ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ṣé o ò dá iyẹ̀pẹ̀ rẹ mọ̀ ni?"

"Iyẹ̀pẹ̀ kì í pe orúkọ ẹni tó ni ín," ni Keziah wí. Ó gbé gèlè rẹ̀, ó lọ sílé.

Ní oṣù kọkànlá, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé pẹ̀lú òpó símẹ́ńtì, katakátá tẹ̀lé wọn. Wọ́n ri òpó yí oko Ọláoyè méjèèjì ká. Katakátá bẹ̀rẹ̀ sí hú kọfí.

"Ọ̀gá," ni Ọláoyè wí, "ẹ ní ẹ fẹ́ fi oko mi ṣe àwòkọ́ṣe."

"Òun la ń ṣe yìí, Bàbá. Oko tí a bá yàn ti di ti ìjọba. Òfin ilẹ̀ ni, ó wà ní ojú-ìwé kejì lẹ́tà náà. Ẹ̀yin ti gba ìwé ẹ̀rí."

"Ilẹ̀ yìí ò dára. Ẹ wò ó, ó ti kú."

Ọ̀gbẹ́ni Yàkúbù yọ ìwé tí Ọláoyè tọwọ́ bọ̀. "Kì í ṣe ohun tí ẹ bá wa sọ nìyẹn, Bàbá, ẹ sì sọ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú."

Wọ́n da ajílẹ̀ òyìnbó sórí ilẹ̀ náà, ogójì àpò, kí ó lè máa dára bọ̀. Kò sẹ́ni tó yà sí oko Keziah, nítorí ìjọba ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti kú.

Ní ọ̀sán Sátidé yẹn tó kàn án láti gbálẹ̀, kí mọ́tò tó wá kó àpò lọ, Keziah ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ra, ó tú páálí orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́rùn àpò rẹ̀, ó so ó mọ́ ti Ọláoyè, ó so ti Ọláoyè mọ́ tirẹ̀, ó sì mú ìgbálẹ̀, nítorí Moróhunfọ́lá ló tẹ ojú-ìwé kejì lẹ́tà náà.